Bí Ilé-Ìwòsàn Ṣe Kọ́ Èdè Ọmọdé

Bí àìsàn bá gbé àgbàlagbà dé ilé-ìwòsàn, ó kéré tán, ó mọ ohun tí ó gbé òun débẹ̀. Ó lè bi dókítà léèrè ọ̀rọ̀, ó lè kọ̀ kí wọ́n má ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun, ó sì lè máa ka iye ọjọ́ tí ó kù kí òun padà sí ilé. Ti ọmọ kékeré kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó pọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ni ó bá bá ara rẹ̀ nínú ilé ńlá kan tí òórùn rẹ̀ kò jọ ti ilé wọn. Àwọn aláṣọ funfun gbà á lọ́wọ́ ìyá, wọ́n sì fi ohun ṣóṣóró kan gún un ní ìdí. Ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, nítorí pé gbogbo àgbà tí ó wà níbẹ̀ ti gbà pé kò lè yé e. Ní ilẹ̀ tiwa gan-an, kí ọmọ tó fi ojú rí dókítà ni a ti fi dókítà dẹ́rù bà á. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kọ oúnjẹ yóò ní òun yóò pe nọ́ọ̀sì kí ó wá gún un lábẹ́rẹ́. Ọmọ tí a ti ń fi abẹ́rẹ́ halẹ̀ mọ́ báyìí láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún méjì, ojú wo ni kí ó fi wo abẹ́rẹ́ ní ọjọ́ tí ibà bá mú un ní tòótọ́?

Ìtàn bí àwọn oníṣègùn ìgbàlódé ṣe kọ́ láti bá ọmọdé sọ̀rọ̀ kò tíì pẹ́ púpọ̀. Ó kún fún àṣìṣe tí àwọn ènìyàn rere fi èrò rere ṣe. Ìlú Ọba ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ó kan ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pẹ̀lú, ní ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn kò mọ̀.

Títí di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ńlá ní Lọ́ńdọ́nù kì í fẹ́ gba ọmọ kékeré sí orí ibùsùn. Wọ́n ní ọmọdé a máa kó àrùn tí ń ràn wọlé, àti pé wàhálà ìtọ́jú rẹ̀ ju ti àgbà lọ. Ní ọdún 1852 ni dókítà kan tí ń jẹ́ Charles West ṣí ilé-ìwòsàn kan fún àwọn ọmọdé nìkan ní òpópónà Great Ormond. Ibùsùn mẹ́wàá péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Charles Dickens, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ nì, fi kálámù rẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará ìlú. Nígbà tí ó di ọdún 1854, West tẹ ìwé kékeré kan jáde fún àwọn obìnrin tí ń tọ́jú ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá. Pé ó tilẹ̀ kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rárá yẹ ní àfiyèsí. Ó fi hàn pé ó ti yé e pé ọmọdé kì í ṣe àgbà tí a gé kúrú, àti pé ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ní iṣẹ́ ọ̀tọ̀ láti kọ́.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò dá ọ̀rọ̀ yìí dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ìparí ọ̀rúndún náà, àwọn onímọ̀ fi hàn gbangba pé àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ni ń kó àrùn ran ènìyàn. Òtítọ́ ńlá ni èyí, ó sì gba ẹ̀mí là. Ohun tí àwọn ilé-ìwòsàn fà yọ nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n lé àlejò. Ìyá àti bàbá di ẹni tí ń ru àrùn wọlé láti ìgboro. Oògùn tí í pa kòkòrò àrùn kò tíì sí nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ibà tí í sú jáde sí ọmọ lára, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní measles, lè ran gbogbo wọ́ọ̀dù kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. A kò lè dá wọn lẹ́bi fún ẹ̀rù tí ń bà wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rù náà dínkù, òfin kò dínkù pẹ̀lú rẹ̀, nítorí pé àwọn nọ́ọ̀sì ti rí àǹfààní mìíràn nínú rẹ̀: wọ́ọ̀dù tí òbí kì í wá máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Wọ́n ṣe àkíyèsí pé ní ọjọ́ tí òbí bá wá kí ọmọ, ẹkún ni yóò gba ilé nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Wọ́n wá sọ pé òbí ni ó fa ẹkún. Ní ọdún 1949, ilé-ìwòsàn ńlá kan wà ní Lọ́ńdọ́nù tí kò gba òbí láàyè rárá láti bẹ ọmọ rẹ̀ wò ní oṣù àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n fi ṣe é lóore ni pé ó lè wá wo ọmọ náà láàárín agogo méje sí mẹ́jọ alẹ́, nígbà tí ó bá ti sùn. Òmíràn wà tí òbí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ń ti ẹ̀yìn ìgànná wo ọmọ rẹ̀ láìwọlé tọ̀ ọ́.

Kì í ṣe gbogbo oníṣègùn ni ó fara mọ́ èyí. Ní ìlú Newcastle, James Spence ti ń gba ìyá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ wọlé láti àwọn ọdún 1920, ní ilé-ìwòsàn kékeré kan tí ó wà fún àwọn ìkókó. Ìyá ni ń bọ́ ọmọ, òun ni ń wẹ̀ ẹ́, òun ni ń gbé e sùn; nọ́ọ̀sì ń kọ́ ọ ní èyí tí kò bá mọ̀, dókítà sì ń bi í ní èyí tí òun fúnra rẹ̀ kò rí. Bákan náà ni Harry Pickerill àti ìyàwó rẹ̀ Cecily, tí àwọn méjèèjì jẹ́ oníṣẹ́ abẹ, ṣe ní orílẹ̀-èdè New Zealand. Ní ọdún 1947 ni ọ̀rọ̀ tí Spence sọ lórí ìtọ́jú ọmọdé ní ilé-ìwòsàn jáde nínú ìwé-ìròyìn àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ Charles West ni a fi ń pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yìn ín. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ṣe bí ó ti wí.

Ẹni tí ó wá mi ilé náà tìtì kì í ṣe dókítà rárá. Ọmọ ilẹ̀ Scotland ni James Robertson, ilé òṣìṣẹ́ ni a sì bí i sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, òun àti ìyàwó rẹ̀ Joyce rí iṣẹ́ ní ilé tí Anna Freud dá sílẹ̀ ní Hampstead fún àwọn ọmọ tí ogun ti yà kúrò lọ́dọ̀ òbí wọn. Iṣẹ́ tí a fún Robertson ni kí ó máa kó èédú sínú ààrò tí ń mú ilé gbóná. Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní ilé Anna Freud: gbogbo òṣìṣẹ́, àti ẹni tí ń dáná oúnjẹ, àti ẹni tí ń kó èédú, ni ó ní láti kọ ohunkóhun tí ó bá rí lára àwọn ọmọ sórí káàdì. Nípa báyìí ni ọkùnrin ìdí ààrò yìí ṣe kọ́ láti wo ọmọdé láìjẹ́ kí èrò tirẹ̀ dí i lójú. Ó dára kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ rántí káàdì wọ̀nyẹn.

Ní ọdún 1948, John Bowlby gbà á sí iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Tavistock kí ó lọ máa wo àwọn ọmọ tí a gbà sí ilé-ìwòsàn. Ó wọ wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé, ó jókòó, ó sì ń wò. Ohun tí ó rí ta ko ohun tí gbogbo ènìyàn ń wí. Ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin tí a fi sílẹ̀ níbẹ̀ láìsí ìyá rẹ̀ a máa la ipò mẹ́ta kọjá. Ní àkọ́kọ́ yóò fi gbogbo agbára rẹ̀ ké, yóò máa mi ibùsùn, ojú rẹ̀ kò sì ní í kúrò ní ẹnu ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ gbà jáde. Lẹ́yìn èyí ni yóò dákẹ́. Yóò sùn lélẹ̀ láìfẹ́ ohunkóhun, ẹkún rẹ̀ yóò di ìkérora wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá tún pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, yóò máa jẹun, yóò máa tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì èyíkéyìí tí ó bá kọjá. Ní ọjọ́ tí ìyá bá sì dé, yóò wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ohun tí ó mú bọ̀ nínú àpò nìkan ni yóò kọ ibi ara sí. Ìdákẹ́jẹ́ ipò kejì àti ẹ̀rín ipò kẹta yìí ni àwọn dókítà ń pè ní ìtura. Wọ́n ní ọmọ náà ti mọ́ra. Robertson ní rárá, ọmọ náà ti sọ ìrètí nù ni.

Wọn kò gbà á gbọ́. Kí ni ọkùnrin ìdí ààrò mọ̀ nípa ìṣègùn? Ó wá rò ó pé ohun tí etí kò gbà, bóyá ojú yóò gbà á. Ó ra kámẹ́rà fíìmù kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lò ó rí, ní ọdún 1951 ó sì tẹ̀ lé ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Laura lọ sí ilé-ìwòsàn. Ọmọ ọdún méjì àti oṣù márùn-ún ni Laura. Ìdodo ni wọ́n fẹ́ tún ṣe fún un, ọjọ́ mẹ́jọ ni yóò sì lò. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó wá ọmọ ẹlẹ́kún kiri, Robertson kò fúnra rẹ̀ yan ọmọ náà; kí a má sì sọ pé ìgbà tí ó ń sunkún nìkan ni ó yà, agogo ara ògiri hàn nínú àwòrán náà, àkókò kan náà lójoojúmọ́ ni ó sì ń yà á. Ṣùgbọ́n Laura kì í tilẹ̀ ṣe ẹlẹ́kún. Ọmọ tí a ti kọ́ láti máa kó ara rẹ̀ níjàánu ni. Yóò béèrè ìyá rẹ̀ ní ohùn pẹ̀lẹ́, ojú rẹ̀ yóò yí padà fún ìṣẹ́jú kan, yóò sì tún pa á mọ́ra. Èyí gan-an ni ó mú kí fíìmù náà ṣòro láti wò. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń lọ sí ilé, ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1952, Robertson fi fíìmù náà han ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní Lọ́ńdọ́nù. Inú bí wọn gidigidi. Wọ́n ní ó ba àwọn lórúkọ jẹ́, wọ́n ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, wọ́n ní àwọn ọmọ wọ́ọ̀dù tiwọn ń yọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí inú bí ni Dermod MacCarthy, dókítà àwọn ọmọdé ní Amersham. Ó padà sí wọ́ọ̀dù rẹ̀ tìbínú-tìbínú. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ lẹ́yìnwá ọ̀la pé láti ọjọ́ náà ni òun ti bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ẹkún àwọn ọmọ tí òun ti ń gba ààrin wọn kọjá láti ọdún pípẹ́. Ẹkún náà kò pọ̀ sí i. Etí ni ó là. Kò pẹ́ tí ó fi ń gba ìyá pẹ̀lú ọmọ wọlé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Robertson ti ya fíìmù kejì ní ọdún 1958, nípa ọmọ ogún oṣù tí ìyá rẹ̀ bá a sùn ní wọ́ọ̀dù títí ó fi lọ sí ilé.

Ní ọdún 1959, ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba gbé kalẹ̀, tí Harry Platt, oníṣẹ́ abẹ eegun, ṣe alága rẹ̀, gba ìjọba nímọ̀ràn pé kí òbí máa wọlé kí ọmọ nígbàkígbà tí ó bá wù ú, kí a máa gba ìyá àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún wọlé pẹ̀lú wọn, kí a sì kọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì ní ìwà àti ìṣe ọmọdé. Ìjọba gbà á. Ìmọ̀ràn lásán ni, kì í ṣe òfin, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn gbé e pamọ́. Àwọn ìyá kan ní àdúgbò Battersea ni ó ko ara wọn jọ ní ọdún 1961, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Robertson, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé-ìwòsàn kan dé èkejì láti béèrè ìdí tí wọn kò fi tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí ìyípadà náà fi dúró.

Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ nípa ìyá ni. Bí a ti gba ìyá wọlé tán ni ìbéèrè kejì tó yọjú: kí ni kí a sọ fún ọmọ fúnra rẹ̀, ní ìwọ̀n wo, ní ọjọ́ orí wo? Àwọn baba wa kò fi gbogbo ọmọdé ṣe ọ̀kan. Ìkókó wà, ọmọ ọwọ́ wà, ọmọ tí ń rá kòrò wà, èyí tí ń tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́ wà, màjèṣí wà, ọ̀dọ́langba sì wà. Ìkókó kò gbọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn, ó sì mọ ọwọ́ tí ń gbọ̀n. Ìyá àgbà tí ń fi oríkì rọ ọmọ lọ́kàn kò retí pé kí ìtumọ̀ rẹ̀ yé e. Láti nǹkan bí oṣù méje sí ọdún mẹ́rin ni ìyàsọ́tọ̀ máa ń dun ọmọ jù lọ, nítorí ó ti mọ ẹni tirẹ̀ ṣùgbọ́n kò tíì mọ ọ̀la. Kò sí ohun tí 'a ó rí ọ ní ọjọ́ Àìkú' túmọ̀ sí fún un.

Ọmọ ọdún mẹ́rin sí méje ni ó máa ń ya dókítà lẹ́nu jù. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, nítorí náà a rò pé ohun tí a ń sọ ni ó ń gbọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa rò pé nítorí òun jí ẹran jẹ ni inú fi ń run òun, àti pé abẹ́rẹ́ jẹ́ pàṣán mìíràn. Ó lè rò pé ihò tí abẹ́rẹ́ lu yóò da gbogbo ẹ̀jẹ̀ òun sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ń ké títí a ó fi fi bándéèjì bo ojú ibẹ̀, tí ẹkún náà yóò sì dá wáí. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Bibace àti Walsh, tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí ohun tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin, méje àti mọ́kànlá gbà pé ó ń fa àìsàn. Àwọn kékeré ní oòrùn tàbí òtútù ni. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ní bí ènìyàn bá fara kan ohun ìdọ̀tí tàbí ó hùwà tí kò dára ni. Àwọn tí ó dàgbà jù ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ipasẹ̀ Jean Piaget ni wọ́n tọ̀. Lẹ́yìn wọn, ní ọdún 1985, Susan Carey jiyàn pé kì í ṣe pé ọpọlọ ọmọdé kò lè gbé e, bí kò ṣe pé ìmọ̀ tí ó ní nípa ara kò tíì pọ̀. Bí a bá fún un ní ìmọ̀ náà ní ọ̀nà tí ó tọ́, ó lè gbé ju bí a ti rò lọ. Ẹni tí ó ti fetí sí ọmọ ọdún mẹ́fà tí ń pa àlọ́ láìfo ibì kan kò ní í bá a jiyàn.

Èdè fúnra rẹ̀ a máa dẹ pàkúté sílẹ̀. Wo 'iṣẹ́ abẹ'. Lójú àgbà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Lójú ọmọ ọdún márùn-ún, ọ̀rọ̀ méjì ni: ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ abẹ, abẹ tí a fi ń fá orí. Bí dókítà bá ní a óò 'dá a dúró' sí ọsibítù, ọmọ náà ti rí ọlọ́pàá tí ń dá ọkọ̀ dúró, ó sì mọ̀ pé ẹni tí a bá dá dúró ti ṣẹ̀ ni. Bí nọ́ọ̀sì bá ní 'ìdánwò ẹ̀jẹ̀', ìdánwò tí ó mọ̀ ni ti ilé-ìwé, èyí tí ènìyàn lè fìdí rẹmi. Èyí tí ó le jù ni 'a ó fún ọ ní oògùn tí ìwọ yóò fi sùn.' Bí a bá ti sọ fún ọmọ náà lọ́dún tí ó kọjá pé bàbá àgbà sùn, tí kò sì rí bàbá àgbà mọ́, kí ni kí ó rò? Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń fi ọ̀rọ̀ kún un: oorun tí oògùn fà ni, kò jọ ti alẹ́, dókítà yóò jí ọ, ìyá rẹ yóò sì wà níbẹ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti tán, eré ń ṣe é. Emma Plank, ọmọ ìlú Vienna tí ó ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ọ̀nà ti Montessori, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1955 ní ilé-ìwòsàn ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà, níbi tí olùkọ́ ti ń bá àwọn ọmọ tí ó wà ní wọ́ọ̀dù ṣeré, tí ó sì ń kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó sọ ọ́ di àṣà láti fún ọmọ ní bèbí àti síríńjì kí òun náà gún bèbí lábẹ́rẹ́ kí a tó gún un. Ohun tí ọmọ bá sọ fún bèbí ni ohun tí ń bà á lẹ́rù. Ní àwọn ọdún 1980, Donna Wong àti Connie Baker, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Tulsa, fún àwọn ọmọdé ní àwọn òbìrìkìtì kí wọ́n ya ojú sí i, láti ojú ẹni tí kò sí ohun tí ń dùn ún dé ojú ẹni tí ìrora pọ̀ fún. Láti inú àwọn àwòrán náà ni ojú mẹ́fà tí a mọ̀ káàkiri ayé ti jáde. Ọmọ ọdún mẹ́ta tí kò lè ka iye lè fi ìka tọ́ka sí ojú tí ó jọ tirẹ̀.

Ọ̀dọ́langba kò fẹ́ bèbí. Ohun tí ó ń fẹ́ ni kí a ti ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá tí a ń bi léèrè nǹkan oṣù rẹ̀ lójú bàbá rẹ̀ yóò ní kò sí nǹkan kan, bí ó tilẹ̀ wà.

Ní ọdún 1956, nígbà tí Robertson ṣì ń bá àwọn dókítà Lọ́ńdọ́nù fà á, ni dókítà kan tí ń jẹ́ David Morley dé Wesley Guild Hospital ní Iléṣà, ilé-ìwòsàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ohun tí àwọn ìyá Battersea yóò jà fún kì í ṣe ohun tí a ń jà lé lórí níhìn-ín: ìyá kì í fi ọmọ sílẹ̀. Ìṣòro ti Iléṣà yàtọ̀. Àwọn ọmọ ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, nítorí ibà, ìgbẹ́ gbuuru, ikọ́, àìjẹun-kánú àti àrùn tí í sú síni lára, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í dé ilé-ìwòsàn títí ọ̀ràn yóò fi bọ́ sórí. Láti ọdún 1957, Morley àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé, ní apá àríwá Iléṣà, láti ìgbà tí a bá ti bí wọn. Wọ́n dá ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ níbẹ̀, níbi tí a ti ń tọ́jú èyí tí ó ń ṣàìsàn tí a sì ń wọn èyí tí ara rẹ̀ dá lójú kan náà, lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì.

Iṣẹ́ tí ó sọ Ìmẹ̀sí-Ilé di olókìkí láàárín àwọn oníṣègùn ni káàdì kan. A fa ìlà méjì tí ó gun òkè sí i. Ìwọ̀n ọmọ ni a ń fi àmì sí láti oṣù dé oṣù. Ìyá ni ó ń gbé e lọ sí ilé nínú àpò ọ̀rá, kì í ṣe ilé-ìwòsàn ni ó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rù pé yóò sọnù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá tí kò mọ ìwé kà ń rí i bí ìlà ọmọ rẹ̀ bá ń gòkè, ó sì ń rí i bí ó bá dúró lójú kan, kí àìjẹun-kánú tó hàn sí ojú. Káàdì náà, tí a pè ní Ọ̀nà sí Ìlera, tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ìwé tí Morley gbé jáde ní ọdún 1973 lórí ìtọ́jú ọmọdé sì gbé ìrírí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà dé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn.

Ṣùgbọ́n ìyá ni káàdì ń bá sọ̀rọ̀. Ní ọdún 1978 sí 1979, nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ya ọdún kan sọ́tọ̀ fún ọmọdé, Morley àti Hugh Hawes, olùkọ́ ní Lọ́ńdọ́nù, gbé ètò Ọmọdé-sí-Ọmọdé kalẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé ní ilẹ̀ Yorùbá ti rí: ẹ̀gbọ́n ni ó ń pọ̀n àbúrò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ó wà nídìí ọmọ ọdún méjì nígbà tí ìyá wà ní ọjà. Bí a bá kọ́ ẹ̀gbọ́n ní ilé-ìwé bí a ti ń po omi, ṣúgà àti iyọ̀ fún ọmọ tí ń ṣu gbuuru, ó ti dé etí ilé. Ó sì mọ ohùn tí àbúrò rẹ̀ ń gbọ́, èyí tí nọ́ọ̀sì ní láti lọ kọ́.

Ní Ilé-Ifẹ̀, nítòsí Iléṣà, iṣẹ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 lábẹ́ Babs Fafunwa, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì kò ní ohun tí ó so wọ́n pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìbáṣepé a so wọ́n pọ̀, à bá ti jèrè. Ọmọ tí ó kọ́ orúkọ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró àti kíndìnrín ní èdè ìyá rẹ̀ ní ohun tí yóò fi dá dókítà lóhùn yàtọ̀ sí 'inú ń run mí', èyí tí àwọn ọmọ wa fi ń dárúkọ ohun gbogbo láti ọrùn dé orúnkún.

Ní ọdún 1989, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Abala kejìlá rẹ̀ sọ pé ọmọ tí ó bá lè ní èrò tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́ nínú gbogbo ọ̀ràn tí ó kàn án, kí a sì kà á sí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àti òye rẹ̀ bá ti tó. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lù ú ní ọdún 1991, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sì jáde ní ọdún 2003. Ní yàrá dókítà, ọ̀rọ̀ náà kì í rọrùn tó bí ó ti rí nínú ìwé. Dókítà yóò kọjú sí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, yóò bi í pé, 'Níbo ni ó ń dùn ọ́?' Ìyá ni yóò dáhùn. Kì í ṣe pé ìyá ń fi ẹ̀tọ́ ọmọ dù ú. Ilé ni a ti kọ́ ọmọ náà pé bí àgbà méjì bá ń sọ̀rọ̀, kí ó wo ilẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ó dára sì ni. Àwọn nọ́ọ̀sì tí ó dàgbà nínú iṣẹ́ mọ ọ̀nà tí a ń gbà yanjú rẹ̀. Wọn kì í bá ọmọ wí pé ó dákẹ́, wọn kì í sì í ní kí ìyá jáde. Ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ ń bẹ̀: 'Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wa.' Ìyá yóò wá yíjú sí ọmọ, yóò ní, 'Ó yá, dá dókítà lóhùn.' Ọmọ náà yóò tún wo ojú ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó la ẹnu.